Ìṣó tí kì í ṣe ìṣó: Èdè-ìperí fún ohun èlò oníná tí a fi ń sọ àfàyọ igbó di oru

1.0 Ìfáárà

Láìpẹ́ yìí, ìwé pélébé kan tí a fẹ́ fi la àwọn ọ̀dọ́ lóye lórí ìlera dé ọwọ́ wa ní Ìwó. Wọ́n fẹ́ kí a yẹ Yorùbá inú rẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ; ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbọ́ Yorùbá. Síbẹ̀, ní ojú ìwé kejì, a ka gbólóhùn yìí: ‘Wọn a máa gbé igbó lé orí ìṣó iná, wọn a sì máa mu èéfín rẹ̀.’ Ìpínrọ̀ tí ó tẹ̀ lé e sọ pé: ‘Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí èéfín níbẹ̀, ewu rẹ̀ kò tó nǹkan.’

A ka gbólóhùn méjèèjì sí etí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta. Èkíní bèèrè bóyá ìṣó náà ni wọ́n fi ń kan igbó mọ́ igi. Èkejì bèèrè bí èéfín ṣe lè wà nínú gbólóhùn kan kí ó má sì sí nínú èkejì. Ẹ̀kẹta kò bèèrè ohunkóhun. Ó ní ọ̀rọ̀ náà yé òun, pé ohun náà kò léwu. Ẹ̀kẹta yìí ni ó kó àyà wa sókè jù lọ, nítorí ohun tí ìwé tí a túmọ̀ sọ gan-an ni pé kí a má ṣe tìtorí pé a kò rí èéfín kí a rò pé ewu ti kúrò. Àìsí ọ̀rọ̀-ìperí ni ó yí ìkìlọ̀ padà di ìpolówó.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbìyànjú láti yan ọ̀rọ̀-ìperí fún ohun èlò tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní electric nail, fún àwọn ẹ̀yà rẹ̀, fún lílò rẹ̀ àti fún ìtọ́jú rẹ̀. A kò kọ ọ́ láti kọ́ ẹnikẹ́ni ní igbó mímu. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ka igbó léèwọ̀: ní ọdún 1966 ni ìjọba ológun ṣe òfin pàtàkì lé e lórí, òfin 48 ti ọdún 1989 ni ó sì dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn ilé ìtajà tà á fún àgbàlagbà ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2014. Orílẹ̀-èdè Canada sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún àgbàlagbà ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2018. Nítorí náà, ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ ní Òṣogbo àti nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá ní Toronto lè bá ohun èlò kan náà pàdé lábẹ́ òfin méjì. Orúkọ kan ni ó yẹ kí àwọn méjèèjì máa pè é.

2.0 Orúkọ ohun èlò náà

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú ohun èlò yìí ṣe é bí ìṣó lóòótọ́: ó ní orí pẹrẹsẹ, ó sì ní ìdí tín-ín-rín tí a ń kì bọ ẹnu ìgò. Láti ibẹ̀ ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti wá. Ní ayé ìgbà náà, tọ́ọ̀ṣì oníná gáàsì ni wọ́n fi ń yan orí ìṣó náà títí yóò fi pọ́n. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi wáyà oníná ká a lára, wọ́n sì so wáyà náà mọ́ àpótí tí ń ṣàkóso ìgbóná. Lónìí, púpọ̀ nínú wọn kò jọ ìṣó mọ́. Àwo kékeré tí ó jin kòtò díẹ̀ ni wọ́n jọ.

Bí a bá pè é ní ‘ìṣó iná’, àṣìṣe méjì ni a ṣe. Lọ́nà kìíní, ohun tí a ń kàn ni ìṣó nínú èdè wa. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìṣó yóò máa retí òòlù. Lọ́nà kejì, ‘iná’ nìkan lè jẹ́ iná igi, iná gáàsì tàbí iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín tọ́ọ̀ṣì gáàsì àtijọ́ àti wáyà oníná òde òní ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà fẹ́ fi hàn.

A rò ó bóyá ‘agbada’ yóò dára. Agbada tí a fi ń dín àkàrà jọ ọ́ ní ti pé ó jin kòtò, a sì ń yan án kí a tó da nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá dín nínú agbada ni a ń jẹ. Nínú ohun èlò yìí, ohun tí ó bá fò lọ kúrò nínú rẹ̀ ni ẹni tí ń lò ó ń wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó fún un lórúkọ. Nítorí náà ni a fi dá a lábàá pé kí a máa pè é ní ‘àwo ìsọdoru oníná’. A ó ṣàlàyé ‘ìsọdoru’ ní ìsàlẹ̀.

Ní ti ohun tí a ń gbé sínú àwo náà, a ti gbọ́ ‘ògidì igbó’ lẹ́nu àwọn kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n kò tọ́. Ògidì ẹmu ni èyí tí a kò bu omi là. Ohun tí a ń sọ níhìn-ín yàtọ̀: wọ́n ti fa èròjà inú ewé àti òdòdó yọ, wọ́n sì ti da ìyókù nù, tí ohun tí ó kù fi ki gan-an. Ní ọdún 1964 ni Yechiel Gaoni àti Raphael Mechoulam, ní orílẹ̀-èdè Israel, ya THC, èròjà tí ń pa ni bí ọtí, sọ́tọ̀ tí wọ́n sì fi bí a ṣe tò ó hàn. Nínú àwọn ohun kíki wọ̀nyí, THC lè tó ìdá 40 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó ju ti ewé lásán lọ fíìfíì. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ‘ògidì’ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn, ọ̀rọ̀-ìperí kò sì gbọdọ̀ yin ohun tí ó ń pè. A yan ‘àfàyọ igbó’. Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ti ń lo ‘àyọkà’ fún ohun tí a yọ láti inú ìwé. ‘Àfàyọ’ ṣì wà lófìfo fún ohun tí a fà yọ láti inú ewé, egbò tàbí èso.

3.0 Ooru, oru àti èéfín

Ibí yìí ni kókó iṣẹ́ wa wà. Lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ‘ooru’ àti ‘oru’ jẹ́ ọ̀kan náà: ooru mú mi, oru mú mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a tún fi ń pe ohun tí ń jáde lẹ́nu ìkòkò tí omi inú rẹ̀ ń hó. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ó ń pa á lára, nítorí ọ̀kan jẹ́ agbára, èkejì jẹ́ ohun tí a lè wọ̀n lórí òṣùwọ̀n.

Àbá wa ni pé kí a fi ‘ooru’ sílẹ̀ fún agbára, kí a sì fi ‘oru’ sílẹ̀ fún ohun tí ó ti kúrò ní ipò olómi tàbí ipò líle tí ó sì ti bọ́ sí ipò afẹ́fẹ́. Kí ìyàtọ̀ náà má bàa fara sin, kí oru má ṣe dá dúró láìní olóhun: oru omi, oru bẹntiróòlù, oru àfàyọ. Bí olùkọ́ bá ń sọ olóhun rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ṣì í gbọ́.

Láti ara ‘oru’ ni a ti lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìṣe méjì. Èkíní ni ‘doru’, láti ara ‘di oru’: omi doru. Èkejì ni ‘sọdoru’, láti ara ‘sọ di oru’: iná sọ omi doru. Ìpajẹ fáwẹ̀lì inú ‘di’ kò ṣàjèjì; òun náà ni ó fún wa ní ‘sọdọmọ’ àti ‘sọdọ̀tun’. Bí ‘sọdọ̀tun’ ti bí ‘ìsọdọ̀tun’ nípa àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-, bẹ́ẹ̀ ni ‘sọdoru’ yóò bí ‘ìsọdoru’. Nípa àfòmọ́ a-, yóò bí ‘asọdoru’, orúkọ fún ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìkìlọ̀ kan ni a ní: kí ẹni tí ń kọ ọ́ má ṣe fojú kékeré wo àmì ohùn. Bí a bá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí ‘doru’, ó di ‘dòru’, èyí tí í ṣe pé ilẹ̀ ti ṣú.

Èéfín ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjóná. Kò sí èéfín bí nǹkan kò bá jó, àní bí ó jẹ́ jíjó díẹ̀. Nígbà tí aláìsàn ibà bá faṣọ borí lókè ìkòkò àgbo tí ń hó, oru omi ni ó ń lù ú lójú, kì í ṣe èéfín. Bí a bá ṣí ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀, omi tí a rí lábẹ́ rẹ̀ ni oru tí ó tún padà di olómi. Èéfín kì í padà di igi.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ni pé oru kì í ṣe orúkọ mìíràn fún àìléwu. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró nílé epo mọ èyí. Bẹntiróòlù ń doru láìsí èéfín kankan, síbẹ̀ ìṣáná kan péré tó láti sọ oru náà di àjálù.

Ọ̀nà kẹta tún wà láàárín ìsọdoru àti ìjóná. Ìgbóná lè pọ̀ débi pé èròjà kan kò ní jó, kò sì ní doru lásán. Ṣe ni yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí yóò di èròjà mìíràn. A pe èyí ní ‘ìtúká’. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Portland State University, ní ìpínlẹ̀ Oregon, tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn terpene, èyíinì ni àwọn èròjà tí ń fún igbó ní òórùn. Wọ́n rí i pé lórí àwo gbígbóná, terpene ń túká di methacrolein, tí ń ta ẹ̀dọ̀fóró, àti benzene, tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ìgbóná bá sì ti ń ga sí i ni ìwọ̀nyí ń pọ̀ sí i. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé àjèjì ni terpene. Myrcene, ọ̀kan nínú wọn, wà nínú ewé tíì tí a ń sè. Limonene wà nínú èèpo ọsàn. Ewé tíì kò yí padà di májèlé. Ìgbóná àwo ni ó yàtọ̀ sí ti omi híhó.

4.0 Ọ̀rọ̀-ìperí fún yíyàn

Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé tí ó wà fún ẹni tí ń yan irú ohun èlò yìí yóò bá ọ̀rọ̀ mẹ́rin pàdé.

(a) Ohun tí a fi ṣe àwo. Mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀: taiténíọ̀mù, kúwọ́ọ̀sì àti amọ̀ sísun. A yá méjì àkọ́kọ́ lò nítorí kò sí èyí tí a ní tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta kò nílò àyálò. Àwọn amọ̀kòkò wa ti ń sun amọ̀ kí a tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Taiténíọ̀mù kì í fọ́ bí ó bá bọ́ sílẹ̀. Kúwọ́ọ̀sì lè fọ́ bí ó bá bọ́, ṣùgbọ́n ìyípadà òjijì láti gbígbóná sí tútù kì í tètè là á. Amọ̀ sísun a máa pẹ́ kí ó tó gbóná, a máa di ooru mú pẹ́, ìyípadà òjijì sì lè là á sí méjì.

(b) Wáyà ìgbóná. Wáyà níkúròmù, tí Albert Marsh gba ìwé ẹ̀tọ́ àwárí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1906, ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun èlò tí ń fi iná mànàmáná gbóná. A lè pè é ní ‘kọ́ìlì’ gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ iná ti ń pè é. Àyíká kọ́ìlì gbọ́dọ̀ bá àyíká àwo mu rẹ́gí. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, ooru kò ní kọjá dáadáa.

(d) Agbára iná. Ilé wa ní Nàìjíríà ń lo 230 volt. Ti Amẹ́ríkà ń lo 120. Bí a bá ki kọ́ìlì tí a ṣe fún 120 bọ inú 230, ooru tí yóò mú jáde yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Kì í ṣe ìlọ́po méjì gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò, nítorí agbára ń tẹ̀ lé volt tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Kí ògbufọ̀ má ṣe fo iye yìí. Lórí rẹ̀ ni iná ilé lè ti ṣẹlẹ̀.

(e) Aṣàkóso ìgbóná. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ ní irú èyí tí ó rọrùn: bí ó bá gbóná tó, ó pa iná, bí ó bá tutù, ó tan án. Ti àwo ìsọdoru jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo obìnrin tí ń yan gàrí. Kì í dúró kí gàrí tó jó kí ó tó fa igi jáde lábẹ́ agbada. Ó ń wo bí ìgbóná ti jìnnà tó sí èyí tí ó fẹ́, ó ń rántí bí ó ti pẹ́ tó tí iná ti ń rẹlẹ̀ tàbí tí ó ti ń ga, ó sì ń kíyèsí bí ó ti ń yára yí padà. Ohun mẹ́ta yìí gan-an ni aṣàkóso ìgbóná ń ṣírò pọ̀. Olùkọ́ tí ó bá fi ayangàrí bẹ̀rẹ̀ kò ní wá àpẹẹrẹ tì.

5.0 Ọ̀rọ̀-ìperí fún lílò

‘Ìgbóná’ ni ipò. ‘Ìwọ̀n ìgbóná’ ni iye tí a kà lójú òṣùwọ̀n. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa kò ní òṣùwọ̀n olóǹkà, ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: irin pọ́n, tàbí kò tíì pọ́n. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe yẹpẹrẹ. Ní ọdún 1847, John William Draper fi hàn pé ohun líle gbogbo ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní nǹkan bí 525 ní ìwọ̀n Celsius. Èyí ni pé ẹni tí ó bá fi tọ́ọ̀ṣì yan àwo títí ó fi pọ́n ti kọjá 525 kí ó tó bẹ̀rẹ̀, bí kò bá sì dúró kí ó tutù, inú ìtúká ni ó wà, kì í ṣe inú ìsọdoru. Kí ìwọ̀n náà má bàa jẹ́ ìméfò ni wọ́n ṣe fi iná mànàmáná rọ́pò tọ́ọ̀ṣì.

Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú ìtumọ̀ níbí. Èkíní ni fífi irú ìwọ̀n sílẹ̀ láìsọ. Ọ̀pọ̀ àpótí tí a ṣe ní Amẹ́ríkà ń fi Fahrenheit hàn. 600 ti Fahrenheit kò ju nǹkan bí 316 ti Celsius lọ. 600 ti Celsius ju ibi tí irin ti ń pọ́n lọ. Nọ́ńbà kan, ohun méjì. Nítorí náà, ìwọ̀n ìgbóná, bí oru, kò gbọdọ̀ dá dúró láìní olóhun.

Èkejì ni àìya ibi tí a ti wọ̀n ọ́n sọ́tọ̀. Inú kọ́ìlì ni wáyà tí ń wọn ìgbóná sábà máa ń wà. A pè é ní ‘wáyà onírin méjì’, nítorí irin méjì tí kò jọra ni a so pọ̀ ní ẹnu. Ní ọdún 1821 ni Thomas Johann Seebeck kíyèsí i pé bí a bá yan ibi tí irú irin méjì bẹ́ẹ̀ ti pàdé, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tí ó wà nítòsí yóò yí. A mọ̀ lónìí pé iná mànàmáná ni ó ń ṣàn nínú wọn. Nítorí pé inú kọ́ìlì ni wáyà yìí wà, ‘ìgbóná kọ́ìlì’ ni nọ́ńbà tí a ń rí, ‘ìgbóná ojú àwo’ sì máa ń rẹlẹ̀ jù ú lọ. Ìwé tí ó bá pè méjèèjì ní ‘ìgbóná’ lásán yóò ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ní ti ọ̀rọ̀-ìṣe, a ń sọ pé ènìyàn ‘mu’ igbó gẹ́gẹ́ bí ó ti ń mu omi. Lójú oníṣègùn, ọ̀nà ọ̀fun àti ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe ọ̀nà kan náà. ‘Fà sí ẹ̀dọ̀fóró’ ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé ìlera.

6.0 Ọ̀rọ̀-ìperí fún ìtọ́jú

Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù sínú àwo lẹ́yìn lílò jẹ́ oríṣi méjì, èdè wa sì ti ní orúkọ fún méjèèjì. ‘Àṣẹ́kù’ ni èyí tí kò tíì doru. Ó rọ̀, òwú lè nù ún kúrò nígbà tí àwo ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. ‘Àjókù’ ni èyí tí ó ti dúdú tí ó sì ti lẹ̀ mọ́ ìdí àwo. Bí a kò bá nu àṣẹ́kù, yóò di àjókù nígbà tí a bá tún tan iná, àjókù ni yóò sì mú èéfín wá síbi tí a ti ń retí oru. Ìdí nìyí tí ìwé ìtọ́ni fi ń tẹnu mọ́ nínù.

Ìlànà ìyókù kò ṣòro láti túmọ̀ bí a bá ti yanjú ti òkè yìí: kí a yọ wáyà kúrò lára iná kí a tó fọwọ́ kan kọ́ìlì, kí a má ṣe da omi sí amọ̀ sísun tí ó gbóná, kí a má ṣe lo sípírítì láti fọ àwo tí kò tíì tutù, nítorí oru sípírítì ń gbaná, kí a máa yẹ ara wáyà wò bóyá ó ti bó. Àwọn tí ń tún rédíò ṣe ní ọjà Odò-Òrí ní Ìwó yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìsí ògbufọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń tọ́jú irin oníná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé kì í ṣe igbó nìkan ni a ṣẹ̀dá àwọn ọ̀rọ̀ yìí fún.

7.0 Àkójọ ọ̀rọ̀

Àfàyọ: ohun kíki tí a fà yọ láti inú ewé, òdòdó, egbò tàbí èso.
Àjókù: ìyókù tí ó ti jó tí ó sì lẹ̀ mọ́ àwo.
Àṣẹ́kù: ìyókù tí kò tíì doru.
Aṣàkóso ìgbóná: ohun tí ń mú kí ìgbóná dúró sí iye tí a fẹ́.
Asọdoru: ẹ̀rọ tí ń sọ nǹkan di oru.
Àwo ìsọdoru oníná: àwo kékeré tí kọ́ìlì ń yan, tí a ti ń sọ àfàyọ di oru.
Doru, sọdoru: di oru fúnra rẹ̀, sọ ohun mìíràn di oru.
Èéfín: ohun tí ìjóná ń mú jáde.
Ìtúká: kí ìgbóná fọ́ èròjà kan sí èròjà mìíràn láìjẹ́ pé ó jó.
Ìwọ̀n ìgbóná: iye tí a kà lójú òṣùwọ̀n, pẹ̀lú irú ìwọ̀n náà.
Ooru: agbára tí ń mú nǹkan gbóná.
Oru: ipò afẹ́fẹ́ tí ohun olómi tàbí ohun líle bọ́ sí, a kì í pè é láìsọ olóhun rẹ̀.
Wáyà onírin méjì: wáyà tí a fi ń wọn ìgbóná.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, ti fi hàn wá pé a lè kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní èdè abínibí rẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 sì kọ́ wa pé a kì í fi ọ̀rọ̀-ìperí sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú olúkúlùkù. Ẹrù tiwa ni láti máa bá iṣẹ́ náà lọ, títí kan orí ohun tí a kò fẹ́ràn.

Kì í ṣe àríyànjiyàn inú ìwé lásán ni. Ní ọdún 2019, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn tí ń lo asọdoru alápò. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2020, àjọ CDC ti ka ènìyàn 2,807 tí ó dé ilé ìwòsàn tàbí tí ó kú. 68 nínú wọn ni ó kú. Ohun tí wọ́n rí pé ó so mọ́ ọn jù ni vitamin E acetate, òróró tí àwọn kan fi ń la àfàyọ igbó. Kì í ṣe èéfín igi tàbí ewé ni ó ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Oru ni.

A dá ìwé pélébé náà padà pẹ̀lú gbólóhùn méjì tí a tún kọ: ‘Wọn a máa fi àfàyọ igbó sínú àwo ìsọdoru oníná, wọn a sì máa fa oru rẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí a kò tilẹ̀ rí èéfín, oru náà lè ní májèlé nínú, pàápàá bí àwo bá gbóná jù.’ A tún kà á sí etí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta náà. Èkíní kò bèèrè ìṣó mọ́. Ẹ̀kẹta, tí kò bèèrè ohunkóhun ní àkọ́kọ́, ni ó wá bèèrè pé báwo ni gbígbóná ṣe ń di gbígbóná jù. Ìbéèrè náà ni a ti fẹ́ kí ìwé náà bí láti ìbẹ̀rẹ̀.